Ọ̀gbìn ejìnrìn àti àwọn ìbátan rẹ̀ nínú ilé onígíláàsì

Ọ̀gbìn ejìnrìn àti àwọn ìbátan rẹ̀ nínú ilé onígíláàsì jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń mú èso àwọn ìtàkùn ilẹ̀ olóoru jáde ní àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù bíi Brítéènì. Ejìnrìn (Momordica charantia), tí ó ń hù fúnra rẹ̀ lára ọgbà àti ní ààtàn nílẹ̀ Yorùbá, wà nínú ẹbí Cucurbitaceae pẹ̀lú apálà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kùkúńbà, bàrà, ẹ̀gúsí, elégédé àti kànrìnkàn ayaba. Gíláàsì lè fún wọn ní ooru, ṣùgbọ́n kò lè yí gígùn ọjọ́ padà, kò sì lè bá òdòdó wá kòkòrò. Níbi méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn ti máa ń kùnà.

Ìtàn

Pliny Àgbà, òǹkọ̀wé ará Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní, kọ ọ́ pé kò sí ọjọ́ tí Ọba Tiberius kì í jẹ èso tí wọ́n ń pè ní cucumis. Orí ebè elẹ́sẹ̀-kẹ̀kẹ́ ni àwọn olùtọ́jú ọgbà rẹ̀ ń gbìn ín sí. Wọn a tì í sínú oòrùn, nígbà òtútù wọn a sì dá a padà sábẹ́ òkúta tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ní Brítéènì, ìjọba fagi lé owó orí gíláàsì ní 1845, ilé onígíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀.

Ooru àti gígùn ọjọ́

Ìrì dídì máa ń pa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Ní gúúsù England, inú ìkòkò nínú ilé tó móoru ni wọ́n ti ń gbin hóró ejìnrìn ní oṣù Kẹrin, nítorí pé ó ń fẹ́ nǹkan bí 25 °C kí ó tó hù dáadáa. Bí ilé onígíláàsì kò bá ní ẹ̀rọ ooru, ìparí oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó ń kó o wọ ibẹ̀.

Ọjọ́ tí ó gùn jù lọ́dún ní Èkó kò ju nǹkan bíi wákàtí 12 àbọ̀ lọ. Ti Lọ́ńdọ̀nù lé ní 16. Nínú ọjọ́ gígùn bẹ́ẹ̀, ejìnrìn máa ń yọ òdòdó akọ lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ó tó yọ abo. Ti chayote (Sechium edule), ìtàkùn ilẹ̀ Mẹ́síkò, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kì í sábà tanná àfi bí ọjọ́ bá kúrú dé nǹkan bíi wákàtí 12, ìyẹn ìparí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òtútù ti ń wọlé. Ìtàkùn rẹ̀ lè kún gbogbo ilé láìso ẹyọ kan. Achocha (Cyclanthera pedata), tí ó ti orí òkè Andes wá, ni ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbìn. Ara rẹ̀ gba òtútù díẹ̀.

Òdòdó

Ẹni tí ó ti mọ ọ̀gbìn apálà lè ṣìnà níbí. Apálà gígùn inú ilé onígíláàsì ń so láìjẹ́ pé akọ kan abo. Bí akọ bá kàn án, èso náà a korò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń já òdòdó akọ rẹ̀ dànù. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ejìnrìn, kò ní so rárá. Ní òwúrọ̀ ni wọ́n ń já òdòdó akọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí wọn a sì fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ra àárín òdòdó abo, èyí tí a fi èso kékeré ìdí rẹ̀ dá mọ̀.

Tòmátì eléjò (Trichosanthes cucumerina), tí àwọn kan nílẹ̀ Yorùbá ń fi inú rẹ̀ pupa se ọbẹ̀ dípò tòmátì, àti igbá (Lagenaria siceraria) ní òdòdó funfun tí ó ń là ní ìrọ̀lẹ́ fún àfòpiná. Olùgbìn tí kò bá gbé iná lọ síbẹ̀ lálẹ́ yóò pàdánù wọn. Ní ti ùgwù, igi ọ̀tọ̀ ni akọ, igi ọ̀tọ̀ ni abo, a kì í sì í mọ̀ ọ́n títí yóò fi tanná. Ṣùgbọ́n ewé ni ọ̀pọ̀ ń wá lára rẹ̀, ìyẹn kò dun ẹnikẹ́ni.

Ìtọ́jú àti ìkórè

Bí afẹ́fẹ́ inú ilé bá gbẹ, àwọn kòkòrò pupa tíntìntín tí ń ta òwú bí aláǹtakùn a bo ẹ̀yìn ewé. Dída omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ olóoru ń dín wọn kù. Tútù ni wọ́n ń ká ejìnrìn fún jíjẹ, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí akọ kan abo. Kànrìnkàn ayaba ni ó ṣòro jù, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ gbó kí òwú inú rẹ̀ tó le. Ní Brítéènì, oòrùn sábà máa ń rẹ̀yìn kí ó tó gbó.