Isaac Fadoyebo, sójà ogun Bọ́mà

Isaac Fadoyebo (1925 sí 2012) jẹ́ sójà, òṣìṣẹ́ ìjọba àti òǹkọ̀wé. Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, ni wọ́n bí i sí. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì lé ní 90,000, ṣùgbọ́n èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Fadoyebo wà lára wọn, ìdí sì nìyẹn tí a fi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní January 1942, láìgba àyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ogun Hítílà ni wọ́n ń pe ogun náà nílé, àmọ́ Jàpáàn ni wọ́n kó wọn lọ bá. Wọ́n fi Fadoyebo sí ẹ̀ka ìṣègùn, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, ẹ̀ka náà sì bá Dífísọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí àfonífojì odò Kaladan, ní agbègbè Arakan ní Bọ́mà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Sójà fi ṣọ́bìrì la nǹkan bíi máìlì 75 gba inú òkè kọjá, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ní March 1944, àwọn ará Jàpáàn yìnbọn bò wọ́n létí odò. Àwọn kan lára wọn kú. Ìbọn fọ́ Fadoyebo lẹ́sẹ̀, ó sì bà á níkùn; ẹni tó kù pẹ̀lú rẹ̀ nígbẹ̀yìn ni David Kargbo, ọmọ Sàró. Wọ́n wà nínú igbó, tí àwọn ará abúlé ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn, títí Shuyiman fi kó wọn lọ sílé rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, Mùsùlùmí Arakan, lára àwọn tí a mọ̀ sí Rohingya lónìí. Bí ọwọ́ Jàpáàn bá tẹ̀ ẹ́, ikú ni fún un àti aya àtọmọ. Kò sì jẹ àwọn sójà méjèèjì ní gbèsè kankan. December ni àwọn ọmọ ogun Gurkha ti Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀ láti gbà wọ́n. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí ìbọn ti bà wọ́n.

Fadoyebo padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ títiro. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba l’Ékòó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìwé rẹ̀, A Stroke of Unbelievable Luck, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999.

Orúkọ ojú ogun Bọ́mà ṣì wà lára bárékè wa ní Nàìjíríà: Arakan ní Àpápá, Letmauk ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Ojoojúmọ́ lọ́kọ̀ ń já èrò síwájú wọn, ta ló ń béèrè ìtumọ̀? Ọjọ́ ìrántí sójà pàápàá, January 15 tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ní 1970 ló gbapò November 11, ọjọ́ ìrántí ogun àgbáyé. Ó kù sọ́wọ́ ọmọ láti sọ ti bàbá: bàbá òǹkọ̀wé Bíyìí Bándélé jagun ní Bọ́mà, ìtàn tó ń sọ nílé ló sì bí ìwé ìtàn àròsọ ọmọ rẹ̀, Burma Boy, ní 2007.

Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ Fadoyebo lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá ẹbí rẹ̀. Wọn kò gbàgbé àwọn sójà méjì náà. Phillips ṣe fíìmù kan fún Al Jazeera, ó sì tún kọ ìwé Another Man’s War ní 2014. Fadoyebo kò rí ìwé náà. November 2012 ló kú. Ọdún yẹn kan náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Arakan, nígbà tó sì di 2017, àwọn Rohingya tó sá fún ọmọ ogun Myanmar, orúkọ tí Bọ́mà ń jẹ́ báyìí, lọ sí Bangladesh lé ní 700,000.