Ìran Aginjù: Bí Ìkùnà Àwọn Baba Ṣe Di Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ fún Àwọn Ọmọ

Diutarónómì orí kìíní fi yé wa pé ìrìn ọjọ́ 11 ni láti òkè Hórébù dé Kádéṣì-Báníà, ní ẹnu ààlà Kénáánì. Síbẹ̀, ọdún 40 ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lò nínú aginjù. Númérì orí 13 àti 14 sọ ìdí rẹ̀. Mósè rán ọkùnrin 12 lọ yẹ ilẹ̀ Kénáánì wò fún ogójì ọjọ́. Ṣírí èso àjàrà kan ṣoṣo tí wọ́n gé bọ̀, ènìyàn méjì ló fi ọ̀pá rù ú. Gbogbo wọn ló gbà pé ilẹ̀ náà dára, àmọ́ ẹni mẹ́wàá ní agbára àwọn kò ká àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Kélébù àti Jóṣúà nìkan ló ní kí wọ́n gòkè lọ. Àwọn ènìyàn fi òru náà sunkún, wọ́n sì ń wá olórí tí yóò kó wọn padà sí Íjíbítì. Nítorí náà, àwọn tó ti pé ogún ọdún sókè nínú wọn kú sínú aginjù, àfi Kélébù àti Jóṣúà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni àwọn oníwàásù kì í sábà dúró lé lórí. Àwọn ènìyàn náà dìde láti jagun lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ní kí wọ́n má lọ mọ́. Wọ́n lọ láìsí Mósè, láìsí àpótí ẹ̀rí, a sì lé wọn títí dé Hómà. Lójú tèmi, ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà ti wọni lára jù lọ. Ìlọ tí ì bá jẹ́ ìgbọràn lánàá ti di àìgbọràn lónìí.

Àwọn òǹkọ̀wé tó dé lẹ́yìn kò da aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà. Sáàmù 78 ní kí baba máa sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹni tó kọ Sáàmù 106 ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀. Sáàmù 95 fi ìtàn náà ṣe ìkìlọ̀ nínú ìpè ìjọsìn, Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1662 sì fi í sínú ìsìn òwúrọ̀ tòun ti ìkìlọ̀ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù, nínú 1 Kọ́ríńtì orí 10, ka ìwà burúkú ìran aginjù náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ìbọ̀rìṣà, àgbèrè, ìkùnsínú. Ìwé Hébérù orí 3 àti 4 lọ sí gbòǹgbò rẹ̀, ó ní àìgbàgbọ́ ni. Èrò méjèèjì kò tako ara wọn, nítorí ohun tí ọkàn kò gbà, ọwọ́ kì í pẹ́ kọ̀ ọ́.

Ta wá ni ó kọ́gbọ́n? Kórà, ọ̀kan nínú àwọn baba náà, ṣọ̀tẹ̀ sí Mósè nínú aginjù, ó sì ṣègbé, ṣùgbọ́n Númérì orí 26 ní àwọn ọmọ rẹ̀ kò kú, orúkọ àwọn ọmọ Kórà sì wà lórí ọ̀pọ̀ Sáàmù. Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni ti àwọn ọmọbìnrin Sélóféhádì márààrún. Wọ́n dúró níwájú Mósè, wọ́n jẹ́wọ́ pé baba àwọn kú sínú aginjù nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì bèèrè ìpín nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà. Ìgbàgbọ́ nìyẹn. Nígbà tí a sì ní kí wọ́n fẹ́ ọkọ láàárín ẹ̀yà baba wọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe. Jóṣúà orí 17 jẹ́rìí pé a fún wọn ní ilẹ̀ náà láàárín àwọn arákùnrin baba wọn.