Ẹ̀rọ Tí Ìdúró Bí

Ìtàn 3D printer ni mo gbé wá lónìí, ẹ̀rọ tó ń to ike tàbí irin ní ìpele-ìpele títí yóò fi di odidi nǹkan. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé òun ni yóò dá iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ padà sílé láti Éṣíà. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdúró ló bí ẹ̀rọ yìí. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá fẹ́ dán ẹyọ ike kan wò gbọ́dọ̀ dúró ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ mọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sú Chuck Hull ní Kalifóníà. Iná ultraviolet ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi ń mú kí ọ̀dà orí tábìlì yára gbẹ. Ó ní ṣé òun ò lè fi iná náà to nǹkan ni? Ní 1983, ife kékeré kan jáde. Ní 1986, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó kan irin. Ní Auburn, ìpínlẹ̀ Alabama, GE ń fi í ṣe ẹnu tí epo ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú LEAP. Ẹ̀yà 20 ni wọ́n ń jó pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, kòrónà gbóná ní Ìtálì. Fáàfù kékeré tó ń bá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣiṣẹ́ tán ní ilé ìwòsàn Chiari, nítòsí Brescia, ẹni tó ń kó o wá ò sì rí i kó wá mọ́. Cristian Fracassi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé 3D printer lọ síbẹ̀, wọ́n wo ti àtijọ́, wọ́n yà á sórí kọ̀ǹpútà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan bí 100 ti wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Adidas dá bàtà ṣíṣe padà sí Ansbach ní Jámánì, rọ́bọ́ọ̀tì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2019, wọ́n kéde pé àwọn máa tì í, wọ́n sì kó ìmọ̀ ibẹ̀ lọ sí Vietnam àti Ṣáínà.

Ohun tí mo rí fà yọ ni pé ẹ̀rọ kì í dá gbogbo iṣẹ́ padà sílé. Ọjà tí gbogbo ayé ń rà, mọ́ọ̀dù ṣì ń ṣe é ní ọ̀pọ̀. Ohun kékeré tó díjú, tí àìsí rẹ̀ lè pa èèyàn, òun ni 3D printer ń mú sún mọ́lé. Ní Chiari, ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ṣe é: ike wà nílẹ̀, ẹni tó mọ àwòrán yà sì wà ládùúgbò. Ìlú tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ padà sílé, àwọn wọ̀nyẹn ni kó kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹ̀yà ẹ̀rọ wo ló ń dá iṣẹ́ tiyín dúró? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà o.