Gómìnà Kwara àti Káńsù Ilemọ̀nà: Kí Ni Wọ́n Fi Ṣáájú?

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún (16) ló wà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀yun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Ilemọ̀nà sì ni olú ìlú rẹ̀. Ìtòsí Ọ̀fà ni Ilemọ̀nà wà, ní ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, ní gúúsù Kwara. Àwọn ìlú tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ káńsù kan náà ni Erin-Ilé, Ìjàgbó, Ìpẹ́ẹ, Òjòkú, Ìgòsùn, Ìkòtún, àti Ìrá tí àwọn onísẹ̀ṣe mọ̀ mọ́ orúkọ Ọya. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2006, iye àwọn tó wà ní Ọ̀yun jẹ́ 94,253, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún ará Kwara, àwọn mẹ́rin péré ló jẹ́ ará Ọ̀yun.

Irú ìjọba ìbílẹ̀ kékeré báyìí ni ènìyàn ti lè rí ohun tí gómìnà kan gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ ìlú. Gbogbo gómìnà ló ń sọ pé ará ìlú ni òun fi ṣáájú, kò sì tíì sí èyí tó sọ pé òun kò ní í tọ́jú àwọn abúlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní Ilemọ̀nà kò nílò ìwé ìpolongo kó tó mọ ohun tó wà lọ́kàn gómìnà. Ara tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà lára ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò, àti lára òṣìṣẹ́ káńsù tó ti fẹ̀yìn tì tó ń retí owó rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ní abala keje pé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni kó máa ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀. Ó sì to iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ìkólẹ̀, ibi ìsìnkú, ọ̀nà àárín ìlú, àti lílọ́wọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Bẹ́ẹ̀ abala 162 inú ìwé òfin kan náà sọ pé inú àkáǹtì àpapọ̀ kan tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni kí owó àwọn káńsù máa gbà kọjá. Ọwọ́ kan fún káńsù ní iṣẹ́, ọwọ́ kejì gbé àpò owó lé gómìnà lọ́wọ́. Kí owó oṣù kan tó dé Ilemọ̀nà, wọ́n á ti yọ owó oṣù tíṣà, wọ́n á ti yọ owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á ti yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ti àwọn ọba. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni alága yóò fi ṣe gbogbo ohun tí òfin kà sí i lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ọdún 1999 lọ. Ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967 ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, nígbà tó pín orílẹ̀-èdè yìí sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Ọmọ Òmù-Àrán ni gómìnà ológun àkọ́kọ́, David Bámigbóyè, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù keje, ọdún 1975. Ní ti Bámigbóyè, iṣẹ́ ìlú túmọ̀ sí kí á dá ohun tí kò sí rí sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ tuntun ni, kò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀, kò sì ní ìwé ìròyìn tirẹ̀. Ayé rẹ̀ ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Kwara sílẹ̀, ayé rẹ̀ náà sì ni ìwé ìròyìn Herald bẹ̀rẹ̀. Ilorin ni méjèèjì wà. Ìgbà tí ilé ń fẹ́ ìpìlẹ̀ ni, a kò sì lè fi ìyẹn dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n àtìgbà náà ni ó ti mọ́ àwọn tó ń ṣèjọba lára pé kí wọ́n fi Ilorin ṣáájú.

Lọ́dún 1976, ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà, ó sì sọ ọ́ di ìpele ìjọba kẹta. Nígbà tí àwọn olóṣèlú gbàjọba lọ́dún 1979, púpọ̀ nínú àwọn gómìnà kò ṣe ìdìbò káńsù rárá. Wọ́n kàn ń yan àwọn tí wọ́n fẹ́ ni. Kwara kò dá nìkan wà nínú èyí.

Ìgbà yẹn náà ni ìpínlẹ̀ yìí ní gómìnà tí àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta péré ló lò. Cornelius Ọlátúnjí Adébáyọ̀ ni, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ àti ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Kwara, tó sì ti ṣe kọmíṣánnà fún ètò ẹ̀kọ́ kó tó di sẹ́nétọ̀ lọ́dún 1979. Abẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà. Ẹgbẹ́ náà ti to ohun tó fi ṣáájú lẹ́sẹẹsẹ kó tó dé ibi ìdìbò: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, àti ìdàgbàsókè ìgbèríko. Ẹni tó bá ń gbé ní ìgbèríko rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ètò náà. Lọ́dún 1983, nígbà tí àárín Olúṣọlá Sàràkí àti gómìnà tó wà lórí àga, Adamu Attah, dàrú, Sàràkí ti Adébáyọ̀ lẹ́yìn, Adébáyọ̀ sì wọlé. Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá ló gbàjọba. Ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, àwọn ológun dé. Kò sí ẹni tó lè sọ bí ètò náà ì bá ti rí ní Ilemọ̀nà, nítorí kò pé ọdún kan tí wọ́n fi lè dán an wò. Adébáyọ̀ padà wá di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú NADECO tó kọjú ìjà sí Abacha, ó sá lọ sí Kánádà, ó dé, ó sì ṣe mínísítà lábẹ́ Ọbásanjọ́. Oṣù kẹfà, ọdún 2025 ló dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84).

Àwọn ológun tí kì í béèrè ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni wọ́n wá ṣe ohun tí àwọn olóṣèlú kò ṣe. Lọ́dún 1988, lábẹ́ Ìbràhím Babangida, owó káńsù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù láìgba ọwọ́ gómìnà. Kò pẹ́ títí. Ìwé òfin 1999 dá àkáǹtì àpapọ̀ padà.

Gómìnà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára jù láti ìgbà náà ni Bùkọ́lá Sàràkí, tó ṣèjọba láti 2003 sí 2011. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ tí kò ní epo gbọ́dọ̀ pe àwọn tó lówó àti ìmọ̀ wọlé láti ìta. Bí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun mẹ́tàlá tí wọ́n lé kúrò ní Zimbabwe ṣe dé Shonga nìyẹn lọ́dún 2005, lẹ́bàá odò Ọya, ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu. Gbogbo ayé sọ̀rọ̀ nípa oko náà. Shonga kan náà ni ètò ìlera àjùmọ̀san tí àwọn ará Netherlands ṣe ìrànwọ́ owó fún ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, níbi tí àgbẹ̀ ti ń san owó kékeré lọ́dún kó lè gba ìtọ́jú. Lọ́dún 2009, yunifásítì ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní Malete. Ìhà àríwá Ilorin ni Shonga àti Malete wà, ìhà gúúsù ni Ilemọ̀nà sì wà.

Ṣùgbọ́n ohun kan tí ìjọba Sàràkí ṣe dé gbogbo kíláàsì tó wà ní Ọ̀yun. Lọ́dún 2008, wọ́n ṣe ìdánwò fún àwọn tíṣà ìpínlẹ̀ náà láti mọ̀ bóyá àwọn fúnra wọn lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Àwọn 19,125 ló jókòó. Àwọn márùndínlọ́gọ́rin (75) péré ló dé ojú ìwọ̀n tó kéré jù. Gómìnà mìíràn ì bá ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́nú àpótí. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe sí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tíṣà tuntun ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tó wà ní Ọ̀rọ̀. Ìwọ̀sí gbáà ni àwọn tíṣà kan ka ìdánwò náà sí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí àwọn gómìnà Kwara ti ṣe, ó ṣòro láti rí èyí tó kan ọmọ tálákà jù ú lọ, nítorí pé ọmọ olówó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni.

Abdulfatah Ahmed gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2011. Ìgbà tirẹ̀ ni owó epo já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, tí owó tó ń bọ̀ láti Àbújá sì dín kù. Èrò Ahmed ni pé Kwara gbọ́dọ̀ kọ́ bí yóò ṣe máa pa owó fúnra rẹ̀, ó sì dá àjọ tuntun sílẹ̀ lọ́dún 2015 láti máa gba owó orí. Owó tó ń wọlé pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ń gba owó oṣù rẹ̀, òṣìṣẹ́ káńsù àti tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ka iye oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n. Àlàyé tí wọ́n ń gbọ́ láti Ilorin ni pé káńsù ló jẹ wọ́n, ìpínlẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni. Àlàyé náà lè tọ̀nà nínú ìwé ìṣirò. Ṣùgbọ́n inú ọjà kan náà ni òṣìṣẹ́ méjèèjì ti ń ra gàrí.

Ìbínú yìí wà lára ohun tó bí “Ó tó gẹ́” lọ́dún 2019, tí AbdulRahman AbdulRazaq fi wọlé. Ohun tí gómìnà yìí sọ pé òun fi ṣáájú ni ilé ẹ̀kọ́, omi àti ilé ìwòsàn, kó tó kan ilé ńláńlá. Iṣẹ́ kan wà tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ pé ìjọba àpapọ̀ yóò fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lówó láti tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe, bí ìpínlẹ̀ bá lè gbé iye kan náà kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Kwara kò fi rí owó yìí gbà. Ìjọba AbdulRazaq san ìpín ìpínlẹ̀, ó sì gba owó náà.

Ní ti káńsù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2019, kò tíì pé oṣù kan tó gorí àga tí wọ́n fi dá gbogbo àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn dúró, lórí ìmọ̀ràn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn ló ń ṣàkóso títí di ọdún 2024. Tíṣà lè máa gba owó oṣù rẹ̀ bó ṣe yẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú kò dìbò yan ẹnikẹ́ni sí. Àwọn kan yóò sọ pé owó oṣù ló ṣe pàtàkì jù, àwọn mìíràn yóò béèrè ta ni wọ́n lè bá wí bí owó náà bá tún dáwọ́ dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yí padà wọnú Ọ̀yun gan-an. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2024, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì (36) lẹ́jọ́ lórí owó káńsù. Lateef Fágbèmí ni agbẹjọ́rò àgbà náà, ọmọ Ìjàgbó, ìlú tó wà lábẹ́ káńsù tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ilemọ̀nà. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dá a láre. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ náà: kí owó káńsù máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tààrà, kí gómìnà má ṣe tú káńsù tí wọ́n dìbò yàn ká mọ́, kí wọ́n má sì san owó fún káńsù tí wọn kò dìbò yàn.

Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, Kwara ṣe ìdìbò káńsù. APC, ẹgbẹ́ gómìnà, ló gba ipò alága nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ọ̀yun wà níbẹ̀.

Ohun tí àwọn gómìnà kan ń sọ lòdì sí sísan owó tààrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ rírùn, ó sì yẹ kí ará Ilemọ̀nà gbé e yẹ̀ wò. Bí owó gbogbo káńsù bá wà lójú kan, káńsù tí owó rẹ̀ pọ̀ lè gbé èyí tí owó oṣù tíṣà rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Bí kálukú bá gba tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kékeré tó ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ lè rí i pé owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì nìkan ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ní oṣù keje kan náà tí ìdájọ́ jáde, ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà (₦70,000). Òfin náà kan òṣìṣẹ́ káńsù bó ṣe kan ti ìpínlẹ̀.

Títí tí ọdún 2024 fi parí, sísan owó tààrà náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí irú àkáǹtì tí owó náà yóò gbà wọlé, àti lórí ẹni tí yóò máa san owó oṣù tíṣà bí wọ́n bá pa àkáǹtì àpapọ̀ rẹ́.