Ojú Ta Ni A Ń Rí Nínú Eré?

Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, wọ Ọ̀yọ́ Ilé, tí Aláàfin Májòtú sì gbà á lálejò tọwọ́ tẹsẹ̀, ọba ní kí àwọn eégún alárìnjó wá ṣeré fún àwọn òyìnbó náà. Àwọn eléré wọ inú àpò, wọ́n jó, wọ́n tàkìtì. Erè ńlá yọ orí láti inú aṣọ, ó ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí ó sì ṣe, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kúrò lára ọ̀kan nínú wọn díẹ̀díẹ̀, ni òyìnbó kan bá yọ láàrin agbo, ó funfun báláú, ó gbẹ bí igi, òtútù ń mú un, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Ẹ̀rín pa àwọn ará Ọ̀yọ́. Wọ́n ń wo eégún, wọ́n ń wo Clapperton, wọ́n fẹ́ mọ̀ bí àlejò yóò bá dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú dígí tí a gbé sí i níwájú. Clapperton fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀.

Eré ni, kò sí ẹni tí ó yọ idà sí ẹnìkan. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé òyìnbó tí ó wá wo ilẹ̀ wa kí ó lè ròyìn rẹ̀ fún àwọn ènìyàn tirẹ̀, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ti wo òun náà, wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ti fi í han ìlú. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà, ní 1964, nígbà tí Hubert Ògúnǹdé gbé eré Yorùbá Ronú sórí ìtàgé, inú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ó sì fòfin de ẹgbẹ́ eléré náà. Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré, ìjọba ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn méjèèjì mọ̀, pé inú kànga ọ̀rọ̀ ìlú ni eré ti ń pọn omi mu.

Mo rántí ìtàn yìí nítorí àríyànjiyàn kan tí kò tán nílẹ̀ láàrin àwọn tí ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kan ń sọ pé géèmù kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ ìṣèlú wá, pé kí a má fi ọ̀rọ̀ àwọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin yọ àwọn lẹ́nu níbi tí àwọn ti ń sinmi; wọ́n ní nígbà àtijọ́, géèmù mọ́, eré lásán ni, kí ó tó di pé àwọn alárìíwísí ti ẹ̀yìnkùlé wọlé wá dà á rú. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn, kí a mọ̀ bóyá ìgbà kan wà lóòótọ́ tí eré yìí kò mọ nǹkan kan nípa ìlú.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ní ilé ìwádìí Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Higinbotham rò pé ara àwọn àlejò tí ń wá wo ilé náà kì í yá gágá, ó sì ṣe eré bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan fún wọn lójú ẹ̀rọ róbótó kékeré, níbi tí àmì iná kan ti ń fò kọjá lókè àwọ̀n láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹnìkejì. Àwọn èrò tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n fẹ́ ta á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó lò, ìwé tí ó bá a wá kọ́ni bí a ti ń fi í ṣírò ọ̀nà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ìjà ń gbà lójú òfurufú. Higinbotham fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní Los Alamos nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iná mànàmáná tí ń ka àsìkò bọ́ǹbù átọ́míìkì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ogun parí, tí ó rí ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe, ó di ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń bẹ ayé pé kí irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ má ṣe tàn kálẹ̀. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde: ọwọ́ ẹni tí ó ti bá wọn ṣe ohun ìparun ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn eré àkọ́kọ́ tí a fi ẹ̀rọ ṣe.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Massachusetts, Steve Russell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Spacewar! lórí kọ̀ǹpútà kan tí owó rẹ̀ tó 120,000 dọ́là, níbi tí ọkọ̀ òfurufú méjì ti ń yí ìràwọ̀ kan po, tí wọ́n ń yìnbọn lu ara wọn, tí ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò sì ṣubú sínú iná ìràwọ̀ náà. Ọdún 1962 ni. Ọdún náà gan-an ni Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà dojú rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ ara wọn lórí ọ̀rọ̀ Cuba, tí adìẹ bà lókùn, tí ara kò rọ okùn, tí ara kò rọ adìẹ. Àwọn ọmọ náà kò kọ ìwé ìṣèlú. Wọ́n ṣeré ohun tí ó wà lójú ọ̀run wọn ni.

Ralph Baer, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní baba géèmù inú ilé, ọmọ Júù ni, tí a bí ní Jámánì ní 1922. Ìjọba Hitler lé e kúrò ní ilé-ìwé nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ìdílé rẹ̀ sì sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1938, kí ilẹ̀ tó mọ́ bá wọn níbi tí iná ti ń jó. Níbi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn ológun ni ó wà ní 1966 nígbà tí ó ronú pé ènìyàn lè ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀. Láti inú ìrònú yẹn ni ẹ̀rọ géèmù Odyssey ti jáde sí ọjà ní 1972. Ẹni tí ó bá sọ pé ìṣèlú kò sí nídìí eré yìí, kí ó kọ́kọ́ yọ ìsásàálà ọmọdé yẹn kúrò nínú ìtàn, kí ó wo ohun tí yóò kù.

Nígbà tí ó di 1980, Dave Theurer ṣe Missile Command fún ilé-iṣẹ́ Atari. Ìlú mẹ́fà ni a fi sí ìkáwọ́ ẹni tí ń ta á, rọ́kẹ́ẹ̀tì ń rọ̀ láti òkè bí òjò, bí ó sì ti wù kí ọwọ́ onítọ̀hún yá tó, àwọn ìlú náà yóò jóná níkẹyìn, nítorí pé kò sí ìṣẹ́gun nínú eré náà rárá. Theurer sọ pé àlá bọ́ǹbù ń jí òun lóru ní àkókò tí òun ń ṣe é. Ní 1985, Chris Crawford ṣe Balance of Power, níbi tí ènìyàn ti di olórí Amẹ́ríkà tàbí ti Rọ́ṣíà. Bí onítọ̀hún bá fi ìgbéraga ti ayé sínú ogun átọ́míìkì, eré náà kò ní fi iná tàbí èéfín tí ó dùn-ún wò hàn án, nítorí pé ẹni tí ó ba ayé jẹ́ kò yẹ lẹ́ni tí a ń fún ní ìran wò. Ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní àlejò nínú géèmù nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ ìlú, nígbà náà, ni agbẹ̀bí tí ó gbẹ̀bí eré yìí. Ohun tí ó ń bí àwọn ènìyàn nínú kì í ṣe pé ìṣèlú wọlé, bí kò ṣe pé àwọn ojú mìíràn wọlé. Ọ̀rọ̀ ojú yìí sì ni ó wúwo lọ́kàn mi jùlọ.

Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ kan mú géèmù tí ń jẹ́ Custer's Revenge jáde, tí a sọ lórúkọ ọ̀gágun tí ó bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà jà tí ó sì kú sójú ogun wọn ní 1876. Nínú rẹ̀, ọ̀gágun náà wà ní ìhòòhò, obìnrin onílẹ̀ kan wà ní dídè mọ́ òpó, ìfipábánilòpọ̀ sì ni èrè ẹni tí ó bá ta á já. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tú jáde sí ìta ní New York, wọ́n ní ẹ̀gàn yìí pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọmọdébìnrin onílẹ̀ tí ó bá gbé eré yẹn sọ́wọ́, ipò wo ni a fi sílẹ̀ fún un bí kò ṣe ti ẹni tí a dè mọ́ òpó? Yóò fi ẹ̀jẹ̀ sínú, yóò tu itọ́ funfun jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán burúkú ti ń ṣiṣẹ́. Àwòrán rere sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú.

Gerald Lawson, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Brooklyn ní 1940, ròyìn pé nígbà tí òun wà ní kíláàsì kìn-ín-ní, tíṣà òun gbé àwòrán George Washington Carver sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì òun, Carver tí a bí sínú oko ẹrú tí ó sì di àgbà onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ní Tuskegee, obìnrin náà sì sọ fún òun pé òun náà lè di irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ó ń tú rédíò, ó ń to rédíò, títí ó fi di ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ Fairchild ní Kalifóníà. Òun ni ó sì ṣáájú àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ Channel F, tí ó jáde ní 1976. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, eré tí a bá kọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ ni ènìyàn yóò máa ta títí ara yóò fi sú u. Lawson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí a lè yọ kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan kí a sì ki òmíràn bọ̀ ọ́, kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè di ilé eré púpọ̀. Gbogbo wa tí a ti fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí ìdí kásẹ́ẹ̀tì rí kí géèmù lè ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni a ń jẹ. Síbẹ̀, àwọn mìíràn tí ó mọ orúkọ rẹ̀ kò mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni, títí wọn yóò fi fojú kàn án, tí ẹnu yóò yà wọ́n. Oṣù kan kí ó tó kú ní 2011 ni ẹgbẹ́ àwọn aṣe-géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é síta láti bọlá fún un. Ẹni tí àwòrán kan tọ́ dàgbà, ọjọ́ pẹ́ kí àwòrán tirẹ̀ tó dé ara ògiri.

Ní ọdún kan náà yẹn, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan lórí òfin tí Kalifóníà ṣe láti má ṣe jẹ́ kí a ta géèmù ìwà ipá fún ọmọdé. Adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án wọ́gi lé òfin náà. Èyí tí ó pọ̀ nínú wọn sọ pé géèmù ń gbé èrò jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé, ìtàgé àti sinimá ti ń gbé e jáde, nítorí náà ó yẹ kí òmìnira ọ̀rọ̀ bò ó bí ó ti bo àwọn yòókù. Gbogbo oníṣòwò géèmù yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sá sábẹ́ òrùlé àwọn òǹkọ̀wé nígbà òjò, kò tọ́ kí ó tún sọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pé òun kì í ṣe ará ilé wọn. Bí géèmù bá ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ó ní ẹrù òǹkọ̀wé pẹ̀lú.

Mo mọ ohun tí àwọn tí ń fẹ́ ìsinmi ń wí, n kò sì gàn wọ́n. Ènìyàn a ti oko dé, ẹ̀yìn a máa ro ó, a fẹ́ fi eré gbàgbé ayé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ti wà nínú eré láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó lè sọ pé kò sí ìṣèlú níbẹ̀, bí ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò kò ti mọ̀ pé omi wọ́n. Bákan náà, n kò ní kí a sọ géèmù di ìwàásù. Eégún tí kò mọ ijó, bí ó tilẹ̀ ń pa òwe títí ilẹ̀ ṣú, èrò yóò tú mọ́ ọn lórí. Kí eré dùn ná, kí ọ̀rọ̀ wà nínú adùn rẹ̀ bí iyọ̀ ti wà nínú ọbẹ̀, tí a kò fi ojú rí i ṣùgbọ́n tí ahọ́n mọ̀ bí kò bá sí.

Ẹni tí ó mọ ọbẹ̀ yìí sè ni Muriel Tramis, ọmọ Fort-de-France ní Martinique, erékùṣù tí àwọn Faransé ti fi ẹrú aláwọ̀ dúdú gbin ìrèké. Ẹnjiníà ni òun náà, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ òfurufú àti ohun ìjà ni ó ti ṣiṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀, ó sì di aṣe-géèmù. Ní 1987, òun àti òǹkọ̀wé Patrick Chamoiseau, tí ó gba ẹ̀bùn Goncourt lẹ́yìn náà ní 1992, ṣe Méwilo, tí ó dá lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará ilé wọn: pé olówó-ẹrú a máa bo wúrà rẹ̀ mọ́lẹ̀, a pa ẹrú kan lé e lórí kí òkú rẹ̀ lè máa ṣọ́ ọ. Ìlú Saint-Pierre ni wọ́n fi ìtàn náà sí, ní 1902, nígbà tí òkè Pelée fẹ́ bú gbàmù tí yóò sì pa ìlú náà rẹ́. Ní 1988 wọ́n ṣe Freedom: òru kan ṣoṣo ni, nínú oko ìrèké, ẹni tí ń ta á yóò di ẹrú, yóò sá fún ajá àti akóniṣiṣẹ́, yóò lọ láti ahéré dé ahéré láti rọ àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n dìde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó lè jẹ́ Solitude, orúkọ obìnrin tí ó jagun òmìnira ní Guadeloupe. Ó lè jẹ́ Makandal, orúkọ ọkùnrin tí jìnnìjìnnì rẹ̀ bo àwọn olówó-ẹrú ilẹ̀ tí a ń pè ní Haiti lónìí. Àwọn tí ìwé ìtàn àwọn amúnisìn kà bí ẹrù ọjà, géèmù yìí fún wọn ní ọwọ́, ẹsẹ̀, èrò àti orúkọ. Ní 2018, ìjọba Faransé fi oyè Légion d'honneur dá Tramis lọ́lá.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1848 ni ìjọba Faransé fọwọ́ sí ìwé òmìnira àwọn ẹrú ní Paris, wọ́n sì dì í mọ́ ọkọ̀. Ìwé náà ṣì wà lójú òkun nígbà tí àwọn ẹrú Martinique dìde ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kejì, gómìnà kéde pé kò sí ẹrú mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ẹni òmìnira ni ó bá lébùúté. Ọmọ àwọn ẹni wọ̀nyẹn ni Tramis. Òun náà kò dúró kí ẹlòmíràn fi ọkọ̀ gbé ojú àwọn baba rẹ̀ wá fún un. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì yà á.