Ìtàn Flash: Ẹwà àti Ìlò lórí Ìtàkùn Ayélujára

FutureSplash ni orúkọ tí ètò kọ̀ǹpútà tí a wá mọ̀ sí Flash ń jẹ́ nígbà tó jáde ní ọdún 1996, kí ó tó di ti ilé-iṣẹ́ Macromedia. Ìlà ni ó fi ń ya àwòrán tó ń rìn. Èyí mú kí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ lórí okùn tẹlifóònù, àwọn tó ń ṣe ìtàkùn ayélujára sì tẹ́wọ́ gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi ètò àfikún yìí sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè rí nǹkan kan. Bí ẹni tó ní in bá tẹ bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn, ó lè bá ara rẹ̀ níta pátápátá, nítorí pé ojú-ewé kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ka gbogbo ìtàkùn náà sí. Títí di ọdún 2002, ẹ̀rọ tí ń kàwé sétí afọ́jú kò rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kà.

Ní ọdún 2000, Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa ìlò ìtàkùn, kéde pé 99% Flash ni kò dára. Ní ọdún 2002, Macromedia pè é kí ó bá wọn tún un ṣe. Síbẹ̀, Apple kò gbà á sórí iPhone ní ọdún 2007; Adobe, tó ra Macromedia ní ọdún 2005, sì fòpin sí i ní ìparí ọdún 2020. Ìtàkùn tí wọ́n fi Flash nìkan kọ́ wá di ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù.

Yorùbá ní ìwà lẹwà. Ìwà ìtàkùn ni pé kí ó ṣeé lò. Olùkọ́ tó ń ṣètò ohun èlò ìkọ́ni lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ro bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe wọlé, kí ó tó ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.