Ọ̀pá Bàbà Inú Igbó: Ìtàn Ògógóró àti Ìtọ́jú Irin-iṣẹ́ Rẹ̀

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, aṣọ àti iyọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń kó bọ̀ láti Èkó. Àpótí ọtí jíìnì wà nínú ẹrù náà pẹ̀lú, láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò sì ti ń gbé e wọ ìlú dé ìlú, títí dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọtí náà ti wọ inú àṣà: a ń fi í ṣe ìdána, a ń fi í sin òkú àgbà, a sì ń ta á sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Àwọn tí ń mu ún nìkan kọ́ ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, owó ibodè orí ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo owó tí ń wọlé fún ìjọba amúnisìn ní Gúúsù Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ́kàn, ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ní yà á lẹ́nu.

Ní oṣù kẹsàn-án 1919 ni àwọn ìjọba ilẹ̀ òkèèrè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye, nítòsí Paris. Àdéhùn náà lé ọtí líle olówó pọ́ọ́kú kúrò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ka sísè ọtí líle níbẹ̀ léèwọ̀. Jíìnì olówó gegere kò kúrò lọ́jà ní tirẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú dé lẹ́yìn 1929, iye owó kòkó àti ti epo pupa já wálẹ̀. Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kòkó jẹ́ àpò owó rẹ̀ kò rí jíìnì òyìnbó rà mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àna rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ yọ̀ǹda ọtí ìdána.

Àlàfo yìí ni ògógóró bọ́ sí. Láti nǹkan bí 1930 ni ìròyìn rẹ̀ ti ń gbòde láàárín àwọn ará ìpadò tí igi ògùrọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti tàn ká ilẹ̀ gúúsù. Ní Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, sodabi ni orúkọ tí wọ́n fún tiwọn. Orúkọ ọkùnrin ará Allada kan ni, tí a gbọ́ pé ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Faransé nígbà tí ó lọ ja ogun 1914 sí 1918.

Irin-iṣẹ́ náà kò ṣòro láti júwe. Ẹmu tàbí ògùrọ̀ tí ó ti kan ni a ó dà sínú àgbá tí a gbé ka iná. Ọ̀pá bàbà kan yọ lórí àgbá, ó gba inú ọpọ́n omi tútù kọjá, ó sì yọ ẹnu sí ìhà kejì. Oru ọtí a máa tètè dìde ju ti omi lọ. Bí ó bá dé inú omi tútù, yóò di olómi padà, yóò sì máa kán sínú ìgò. Ìdí tí ó fi jẹ́ bàbà ni pé bàbà a máa yára gba ooru, a sì máa yára jọ̀wọ́ rẹ̀ fún omi. Bẹ́ẹ̀ ni ó tún máa ń fa òórùn imí-ọjọ́ mọ́ra, kí ọtí má bàa rùn.

Ṣùgbọ́n ẹmu tí ó kan a máa jẹ bàbà. Bí a bá fi ọ̀pá sílẹ̀ láìfọ̀, ohun kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù yóò hù sínú rẹ̀, àkọ́sun ọtí tí a bá tún sè yóò sì ṣàn án wálẹ̀ sínú ìgò. Májèlé ni, èébì àti inú rírun ni ó ń fà. Nítorí náà ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi í dá ẹmu lé iná kí ó tó kọ́kọ́ se omi lásán, kí oru gbígbóná lè gba inú ọ̀pá kọjá. Bí ọ̀pá bá ti pẹ́ nílẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò dà sí i; yóò fi í sílẹ̀ díẹ̀, yóò sì fi omi púpọ̀ ṣàn án, nítorí ìkan ọsàn pàápàá kò gbọdọ̀ bá bàbà sùn mọ́jú. Àgbá ṣeé fi iyanrìn àti kàn-ìn-kàn-ìn bó, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò wọ ọ̀pá. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó fọ gbogbo rẹ̀, a ó sì dorí ọ̀pá kodò kí ó gbẹ dáadáa. Omi tí ó bá kù nínú rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ewé tútù ọ̀hún. Àkọ́sun ọtí, dídànù ni.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ará Òṣogbo. Idẹ ni irin Ọ̀ṣun, bàbà ni ó sì pọ̀ jù nínú idẹ. Ẹni tí ó bá ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn dán ẹ̀gbà idẹ rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Kí ni ó wá dé tí ògógóró fi di ọtí ẹlẹ́gbin lẹ́nu àwọn aláṣẹ? Inú igbó ni ìdáhùn wà. Ẹni tí ọlọ́pàá ń wá kò lè sá ọ̀pá bàbà sí oòrùn. Òru ni iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́bàá odò tí ó jìnnà sí ìlú. Bí ó bá gbúròó ẹsẹ̀, a rì àgbá sódò, a bo ọ̀pá mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹmu kíkan nínú rẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí ó tó rójú hú u. Bàbà wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá gba tirẹ̀ kò lè na ọwọ́ sókè lọ́jà láti ra òmíràn. Ohun tí ó bá rí ni yóò lò, ìbáà ṣe páànù àlòkù, ìbáà ṣe ọ̀pá tí a fi òjé lẹ̀. Òjé sì burú ju ewé tútù lọ, nítorí ewé tútù a máa hàn sójú, ṣùgbọ́n òjé kò ní òórùn, kò sì korò lẹ́nu. Inú ara ni ó ń kó jọ sí.

Àwọn aláṣẹ ń kéde pé májèlé ni ògógóró, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ohun tí wọn kò kéde ni pé òfin tiwọn ni ó gba àsìkò fífọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń sè é. Bí ó bá ṣe ìlera ará ìlú ni ó jẹ wọ́n lógún jù, tàbí àpò ìjọba, owó ibodè tí a mẹ́nu bà lókè tó fún òǹkàwé láti fi ṣe ìdájọ́.

Ìyàtọ̀ náà hàn ní Iléṣà fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1978 ni International Breweries, tí Olóyè Lawrence Omole wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà. Bíà kì í ṣe ọtí tí à ń sè gba inú ọ̀pá bí ògógóró, ṣùgbọ́n ìkan àti ìdọ̀tí ni ọ̀tá àwọn méjèèjì. Ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, fífọ irin-iṣẹ́ ní àkókò tirẹ̀, ó ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ní owó tirẹ̀, nítorí pé ìwé àṣẹ wà nílẹ̀.

Ní oṣù kẹrin 2015, ó ju ènìyàn 15 lọ tí ó kú ní agbègbè Òde Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Láìpẹ́, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, òkú ibẹ̀ sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Methanol inú ọtí ni wọ́n ká mọ́ ọ̀ràn náà. Kí a má da ọ̀rọ̀ pọ̀: bí a fọ ọ̀pá bàbà títí ó fi ń dán bí wúrà, kò lè lé methanol jáde. Ẹmu tí ó kan kì í sì í sábà mú un wá ní ìwọ̀n tí ń pani. Ẹ̀rí tọ́ka sí i pé ènìyàn ni ó dà á lu ọtí. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ògógóró. Ẹni tí ń fọ ọ̀pá rẹ̀ àti ẹni tí ń da májèlé lu ọjà, òfin kan náà ni a fi dè wọ́n.